Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ní n ó lò ní Guanajuato

Ọjọ́ mẹ́rin péré ni mo bá lọ o. Houston ni mò ń gbé, iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ibi tó bá wù mí ni mo lè jókòó sí ṣe é tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ṣáà ti dáa. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi fọ́tò ìlú kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ilé pupa, ilé aláwọ̀ ọsàn, ilé búlúù, wọ́n gun ara wọn lórí òkè lọ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn to páálí lé páálí, mo ní ibo lèyí, ó ní Guanajuato ni, ní Mẹ́síkò. Ẹ ṣáà máa pè é ní Wànàwátò, wọ́n á gbọ́ yín. Èmi tí wọ́n bí sí Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn, tó bá ti di ọ̀rọ̀ òkè àti òrùlé, ara mi kì í gbà á mọ́ra, bí mo ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́rin yẹn ló di oṣù márùn-ún.

Kí n tó sọ adùn ẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ti ìwé, torí òun làwọn èèyàn ń bi mí jù. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo mú dání, àmọ́ mo ní green card Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ti ní ìyẹn, tàbí físà Amẹ́ríkà tí ò tíì kú, kò nílò físà Mẹ́síkò láti lọ ṣèbẹ̀wò. Òṣìṣẹ́ tó wà nídìí káńtà ní Houston ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ o, ó yí ìwé mi síwá sẹ́yìn, ó pe ọ̀gá ẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ pe ẹlòmíì, àyà mi ti ń já kí wọ́n tó rí i lójú kọ̀ǹpútà wọn. Nígbà tí mo dé ọ̀hún, ẹni tó ń wo ìwé kọ ọjọ́ tí mo lè lò sí i, 180 ló kọ fún mi, ibẹ̀ ló sì pọ̀ mọ, ẹlòmíì máa gba 30 péré, torí náà ẹ wo ohun tó kọ kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ibẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ kọ́ńsùlù Mẹ́síkò nílẹ̀ òkèèrè ló ti máa bẹ̀rẹ̀ ìwé tí wọ́n ń pè ní residente temporal, kó má dúró dìgbà tó bá wọlé tán.

Pápákọ̀ òfurufú ibẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Silao. Mo wọ tákísí, ilẹ̀ ti ṣú. A ń lọ, a ń lọ, ọkọ̀ bá wọnú ihò. Ihò olókùúta ni o, iná rẹ́súrẹ́sú lókè, ògiri ń sun omi, a jáde nínú ọ̀kan a wọ òmíì, títì pín sí méjì lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀! Dírẹ́bà wá dúró sáàárín ẹ̀, ó ní a ti dé. Dé ibo? Mo wo ọ̀tún, ògiri, mo wo òsì, ògiri. Mo ní ó ti parí, wọ́n ti gbé mi. Ọkùnrin náà rí ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí àtẹ̀gùn kan tó há sára ògiri, ó ní kí n gòkè. Mo gbé báàgì, mo ń gùn. Ìlú yẹn ga tó nǹkan bí 2,000 mítà, Houston tí mo ti ń bọ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tábìlì, tí mo bá gun mẹ́wàá màá dúró mí. Ìyá arúgbó kan tó gbé àpò ọjà méjì kọjá lára mi wẹ́rẹ́, ó ní "ánimo, mija". Ánimo ni ṣe ọkàn gírí, mija yẹn, ọmọ mi ni, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń pe ẹni tí wọn ò bí. Mo yọrí síta báyìí, àárín ìlú ni mo bá ara mi, iná, gìtá, àwọn ọmọdé tó ń lá áísìkiriìmù, ṣọ́ọ̀ṣì ràgàjì kan níwájú mi. Bí ẹni yọ látinú kànga bọ́ sínú ọjà.

Àwọn ihò yẹn, odò ló fa gbogbo ẹ̀. Odò gba àárín ìlú kọjá, tójò bá ti pọ̀ odò á wọlé bá onílé. Omíyalé ọdún 1905 ni wọ́n ṣì ń sọ dòní, lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ihò míì kí omi máa gba ìsàlẹ̀ lọ, nígbà tó sì di bí ọdún 1960 sókè, wọ́n sọ ojú odò àtijọ́ di títì. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń gba abẹ́ ilẹ̀, tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gba òkè. Ìlú awakùsà ni, ihò gbígbẹ́ ò le lójú wọn. Nígbà tí onílé mi ń sọ ti 1905 fún mi, Ògùnpa 1980 ni mò ń rò, tí màmá mi máa ń sọ bíi pé àná ló ṣẹlẹ̀. Àwa náà da kọnkéré sójú odò tiwa, àmọ́ ta ló ń lọ jókòó jẹ áísìkiriìmù létí Ògùnpa.

Google Maps ò wúlò níbẹ̀, mò ń sọ òótọ́. Ó máa ní ibi tí mò ń lọ ò ju 80 mítà lọ, kò ní sọ pé 80 mítà yẹn wà lókè orí mi. Callejón ni wọ́n ń pe àwọn ọ̀nà tóóró yẹn, èyí tó fẹ̀ nínú wọn gba èèyàn mẹ́ta, èyí tí ò fẹ̀, ẹ ní láti fara ti ògiri kí ẹnìkejì tó kọjá. Mọ́tò ò lè débẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni mo rí tó ń ru yanrìn gòkè lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, láyé ìsinsìnyí o, ẹni tó ń dà á sì ń fi fóònù gbọ́ bọ́ọ̀lù. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Callejón del Beso, níbi tí búlíkónì méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kora, wọ́n ní bàbá kan gún ọmọbìnrin ẹ̀ lọ́bẹ níbẹ̀ torí ọmọ náà fẹ́ ẹni tí ò lówó. Ní báyìí, àwọn olólùfẹ́ ń tò síbẹ̀ láti fẹnu kora wọn kí wọ́n lè rí oríire ọdún méje. Ibi tí wọ́n ti pa èèyàn. Èmi ò tò síbẹ̀.

Ọ̀nà bíbéèrè ló kù. Àmọ́ ẹ jẹ́ n ta yín lólobó, ará ibẹ̀ ò fẹ́ já yín kulẹ̀, tí ò bá tiẹ̀ mọ̀nà ó máa júwe ẹ̀ fún yín, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló máa fi ṣì yín lọ́nà. Ẹni mẹ́ta ni mo máa ń bi, tí ọ̀rọ̀ àwọn méjì bá ti bára mu, màá tẹ̀lé e. Ẹ sì gbọ́dọ̀ kí wọn kẹ́ ẹ tó bèèrè. Lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo lọ bá bàbá kan tó ń ta ìwé ìròyìn, mo kàn ní "Plaza de San Fernando?" ṣákálá. Bàbá wò mí, ó ní "Buenos días", ó dákẹ́. Ojú gbà mí tì. Èmi ọmọ Yorùbá, ta ló ń lọ bá àgbà láìkí i? Amẹ́ríkà ti ba ìwà mi jẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, mo kí i dáadáa, ló bá fi ọjà ẹ̀ sílẹ̀, ó sìn mí débẹ̀. Wọ́n ń kíra wọn lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń kí tí wọ́n bá wọ bọ́ọ̀sì, tí ẹ bá sì ń jẹun, ẹni tí ò mọ̀ yín rí á máa kọjá lọ, á ní "provecho", gẹ́lẹ́ bá a ṣe máa ń sọ pé á gba ibi ire.

Yàrá tí mo rí gbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè tí ère El Pípila wà. Awakùsà ni Pípila. Nígbà tí ogun òmìnira bẹ̀rẹ̀ ní 1810, àwọn ọlọ́lá ọmọ Sípéènì kó owó àti fàdákà wọn sínú àká ọkà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Alhóndiga, wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́rí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, wọ́n ní ọkùnrin yìí gbé òkúta pẹlẹbẹ sẹ́yìn kí ọta má bà á, ó rá dé ẹnu ọ̀nà, ó dáná sun ìlẹ̀kùn, bí ogun ṣe wọlé nìyẹn, wọ́n sì pa àwọn tó wà nínú ẹ̀ nípakúpa. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọwọ́ tẹ àwọn olórí ogun, Hidalgo, Allende, Aldama àti Jiménez, wọ́n yìnbọn pa wọ́n, wọ́n gé orí wọn, wọ́n gbé e kọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé yẹn, ó wà níbẹ̀ títí di 1821. Ọdún mẹ́wàá! Ẹ wá wo ilé náà lónìí, àwọn ọmọ iléèwé ń jẹ ìpápánu lórí àtẹ̀gùn ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ère Pípila pé àwọn Alhóndiga míì ṣì wà tó yẹ ká dáná sun. Gbogbo ìgbà tí mo bá kà á ni mo máa ń rántí àwọn èèyàn kan ní Àbújá, mi ò ní dárúkọ.

Onílé mi, opó ni, ó ti lé ní 70 ọdún, Doña ni gbogbo àdúgbò ń pè é, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ títí tó fi ní kí n máa pe òun ní tía, ìyẹn àǹtí. Òun ló kọ́ mi ní ahorita. Nísinsìnyí ni ìtumọ̀ ẹ̀ nínú ìwé. Páìpù balùwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò, a pe púlọ́ńbà, ó ní ahorita. Mo jókòó dè é, mi ò lọ ra búrẹ́dì kó má lọ jẹ́ pé ó dé tí ò bá mi nílé. Ọjọ́ kẹta ló yọjú, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo fẹ́ bínú, mo wá rántí "mò ń bọ̀" tiwa. Yorùbá tó bá ní mò ń bọ̀, ó ń lọ ni, ìgbà tó máa dé, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Mo ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyá náà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, láti ọjọ́ yẹn tó bá ń jáde lọ sọ́jà, á ké sí mi látìsàlẹ̀: "Mo mbo!"

Ariwo ló ń jí èèyàn láàárọ̀. Onígáàsì á gbé sìlíńdà léjìká, á máa gun àtẹ̀gùn, á máa fà á gùn, "el gaaaas". Olómi á gbé kẹ́ẹ̀gì 20 lítà wá, torí ẹnikẹ́ni kì í mu omi ẹ̀rọ. Ajá tí wọ́n ń sìn sórí òrùlé á gbó gbogbo wọn. Ìgbà tí mo padà sí Houston, ìdákẹ́rọ́rọ́ ibẹ̀ ò jẹ́ n sùn.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wá kù. Ọjà kan wà tí wọ́n ń pè ní Mercado Hidalgo, wọ́n ṣí i ní 1910, tẹ́ ẹ bá wò ó lókèèrè ẹ máa rò pé tẹ́ṣàn rélùwéè ni. Níbẹ̀ ni mo ti rí nǹkan pupa kan nínú ìgò ńlá, wọ́n ní jamaica, wọ́n bù ú fún mi. Mo mu ún. Zobo! Zobo ni jàre, kò sí atalẹ̀ nínú ẹ̀, ṣúgà sì ti pọ̀ jù. Atole náà, àgbàdo ni wọ́n fi sè é, ó gbóná, ó ki, ògì tí ò kan ni. Tamal, wọ́n á wé àgbàdo lílọ̀ sínú háhá, wọ́n á fi ooru sè é, tẹ́ ẹ bá tú u báyìí èéfín á yọ bùù bí ọ̀ọ̀lẹ̀ àárọ̀. Mo dúró sídìí agbọ̀n obìnrin yẹn, orí mi ń wú. Ilẹ̀ wọn ni àgbàdo ti ṣẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, àádùn, kókóró, ẹ̀gbo, ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá àwọn ìyá yìí ni gbogbo ẹ̀ ti wá. Ata rodo wa àti habanero wọn, ọmọ ìyá ni. Oúnjẹ ìlú náà gan-an ni enchiladas mineras, oúnjẹ awakùsà, tòtíyà, ìyẹn búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ, tí wọ́n rì sínú ọbẹ̀ ata guajillo, wọ́n di wàràkàṣì àti àlùbọ́sà sínú, wọ́n da pòtétò àti káròòtì lé e. Ẹni tó tà á fún mi bi mí bóyá ó ta jù. Mo ní kó fi ata sí i. Ó pe àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì wá wò mí.

Wọ́n máa ń wò mí ṣá, kì í ṣe ìwò ìkà. Ṣé Cuba lo ti wá? Ṣé Kòlóńbíà ni? Fàdákà ló kọ́ ìlú yẹn, pàápàá èyí tí wọ́n wà ní La Valenciana, ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, tí wọ́n parí ní 1788, wúrà ló bo pẹpẹ ẹ̀ látòkè délẹ̀. Wọ́n mú ẹrú láti Áfíríkà wá síbi ìwakùsà ìlú náà. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ti pò mọ́ ará ìlú, ẹ ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Mo jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, mo wo wúrà náà, àdúrà tí mo fẹ́ gbà ò wá sí mi lẹ́nu mọ́.

Ọkùnrin kan tó ń ta tòmátò ló wá yà mí lẹ́nu. Ó bi mí ibi tí mo ti wá, mo ní Nàìjíríà, Yorùbá ni mí. Ó fi ohun tó ń wọ̀n sílẹ̀, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, ìdè Ifá! Aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò, bí àwọn ará Cuba ṣe ń sín in. Ó ní "Iború, iboya, ibochiché". Àbọrú àbọyè ni o. Èmi ọmọ ẹgbẹ́ akọrin Bàtíìsì, mi ò mọ èwo ni n ó fi dáhùn, mo ní "ẹ ṣé, sà". Ó ní kí n bá òun pe Ọ̀ṣun bá a ṣe ń pè é nílé, mo pè é, ó tún un pè bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, àwọn oníbàárà tò, ọ̀kan nínú wọn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Kò gba owó tòmátò lọ́wọ́ mi. Mo pe màmá mi lálẹ́ mo sọ fún wọn, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ṣé tòmátò náà tiẹ̀ dáa.

Ibì kan wà tí mi ò ní padà sí láé, ilé àwọn òkú gbígbẹ. Ní itẹ́ òkú Santa Paula láyé àtijọ́, ẹbí gbọ́dọ̀ sanwó kí òkú wọn tó lè wà nínú ihò ògiri títí, tí wọn ò bá rí owó san, wọ́n á hú u síta. Nígbà tí wọ́n hú ọ̀kan ní 1865, wọ́n bá a tí kò jẹrà, ó ti gbẹ tán. Ó ti lé ní 100 irú ẹ̀ tí wọ́n kó jọ, wọ́n tò wọ́n sínú gíláàsì, wọ́n ń gba owó ìwọlé. Mo rí ọmọ ọwọ́ kan tó ṣì wọ aṣọ. Mo jáde. Àìrówósan ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn, òun ni wọ́n wá fi ń pawó.

Ìlú kan náà yẹn sì ni. Nígbà tí oṣù kẹwàá ń parí lọ, tía fa tábìlì sí pálọ̀ fún ọdún àwọn òkú tí wọ́n máa ń ṣe, ó to òdòdó yẹ́lò tí wọ́n ń pè ní cempasúchil sí i, àbẹ́là, ìyọ̀, fọ́tò ọkọ ẹ̀ onírun imú, ìgò bíà kan, sìgá kan. Ó yíjú sí mi, ó ní "Ìwọ ò ní òkú ni?" Mo ní mo ní. Mo fi fọ́tò ìyá mi àgbà hàn án nínú fóònù, ó ní kí n lọ tẹ̀ ẹ́ síta, pé òkú ò lè ti inú fóònù jẹun. Kí ni wọ́n fẹ́ràn? Mo ní ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà. Atole á dúró fún ẹ̀kọ, ìyẹn ò le. Ẹ̀wà ló nira, dúdú ló pọ̀ lọ́jà, mo wá funfun kan tí ò jọ tiwa, mo rẹ ẹ́, mo bó o títí ìka mi fi wú, mo lọ̀ ọ́ nínú bílẹ́ńdà, ó mu òróró bíi kànìnkànìn, ó rí wúruwùru. Tía tọ́ ọ wò, ó ní "ìyá àgbà ẹ á dárí jì ẹ́." A gbé e sórí tábìlì. Ìyá mi àgbà, tí wọ́n bí sílé eléégún kó tó di pé ó lọ di ìyá ìjọ, wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ tía, ìgò bíà wà láàárín àwọn méjèèjì. Mo jókòó tì wọ́n títí àbẹ́là fi kú. Ti tòmátò ni mo sọ fún màmá mi, mi ò sọ tèyí.

Kò kúkú dùn tán síbẹ̀. Àwọn ọmọ yunifásítì tó ń wọ aṣọ dúdú ayé àtijọ́, tí wọ́n ń ta gìtá, tí èrò ń tẹ̀ lé wọn gba inú callejón, wọ́n ń gba abẹ́ fèrèsé mi kọjá lópin ọ̀sẹ̀, ibì kan náà ni wọ́n ti ń dúró dá àpárá kan náà, mo ti mọ ọ́n sórí ju àwọn tó ń dá a lọ. Oṣù kẹwàá ni ọdún Cervantino, tí wọ́n ti ń ṣe láti 1972, eré àti orin láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, ó dáa gan-an, àmọ́ owó yàrá á fò sókè, àwọn ọ̀dọ́ tó ti yó á sùn sórí àtẹ̀gùn Teatro Juárez. Nínú oṣù kejìlá, òtútù inú ilé ju ti ìta lọ, kò sí ohun tó ń mú ilé móoru, mo ń wọ fìlà sùn. Owó ilé sì ń lọ sókè torí irú èmi báyìí tó ń fi owó dọ́là gbé ibẹ̀, ọmọ tía gan-an ò rí yàrá gbà láàárín ìlú mọ́, ọ̀nà jíjìn ló ti ń wá kí ìyá ẹ̀. Tía ò fìgbà kankan sọ ọ́ sí mi lójú. Èmi ni mo ṣírò ẹ̀ fúnra mi lálẹ́ ọjọ́ kan.

Oṣù kìíní ni mo kúrò, ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé mi ti ń pé lọ. Lánàá tía fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo ń gbọ́ "el gaaaas" lẹ́yìn ẹ̀, ó ní páìpù yẹn ti tún ń jò, púlọ́ńbà ti ní ahorita, èmi ńkọ́, ìgbà wo? Mo dá a lóhùn pé mò ń bọ̀. Ó ní ṣé mò ń bọ̀ ni àbí "mo mbo" ni.